Ta ni yóò sọ ìtàn àwọn Júù Etiópíà? Àlàyé lórí awuyewuye tó yí ìpàdé ìta gbangba àti àfihàn fíìmù wọn ká

Lọ́dọọdún, bí Sigd, àjọ̀dún àwọn Júù Etiópíà, bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀ láàrin oṣù Ọ̀wàrà àti oṣù Bélú, àwọn gbọ̀ngàn ìlú, yunifásítì, ilé ìkàwé àti ilé sinimá ní Ísírẹ́lì máa ń pe àwọn èèyàn wá gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn Júù tó ṣí wá láti Etiópíà, wọ́n á fi fíìmù hàn, wọ́n á sì jíròrò lé e lórí. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ń wáyé ní New York náà. Fídíò kéékèèké láti ibẹ̀ máa ń gba orí ẹ̀rọ ayélujára kan, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: àwọn kan á ní kò sí Júù aláwọ̀ dúdú, àwọn kan á ní Ísírẹ́lì ló yọ wọ́n lọ́wọ́ ikú, àwọn mìíràn á sì ní ìtàn ìgbàlà náà kò ju ìpolówó ìjọba lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó dá dúró ni wọ́n ń lọ́ mọ́ ara wọn: ẹni tí àwọn èèyàn yìí jẹ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé, àti ohun tí ojú wọn rí lẹ́yìn tí wọ́n dé.

Ṣé Júù ni wọ́n lóòótọ́?

Beta Israel, ìyẹn ilé Ísírẹ́lì, ni wọ́n ń pe ara wọn. Falasha tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ jẹ́ èébú létí wọn, nítorí àwọn aládùúgbò tó kà wọ́n sí aláìnílẹ̀ ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọṣẹ́ lára àwọn olùṣètò kì í sì í lò ó mọ́. Àríwá Etiópíà ni abúlé wọn wà, ní àyíká Gondar, ní àwọn òkè Semien àti ní Tigray, níbi tí wọ́n ti ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí àwọn ọkùnrin ń rọ irin tàbí hun aṣọ, tí àwọn obìnrin sì ń mọ ìkòkò. Amharic àti Tigrinya ni èdè ẹnu wọn, ṣùgbọ́n èdè Ge'ez ni wọ́n fi kọ Orit, ìwé mímọ́ wọn, àwọn àlùfáà tí wọ́n ń pè ní Kes ló sì ń kà á fún ìjọ.

Ìtàn tí àwọn àgbà wọn ń sọ nípa orírun kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní ìran Dánì, ọ̀kan nínú ẹ̀yà méjìlá, ni àwọn. Àwọn mìíràn ní baba ńlá àwọn wà lára àwọn tó tẹ̀lé Menelik, ọmọ Ọba Sólómọ́nì àti Ọbabìnrin Ṣébà, dé Etiópíà. Lára àwọn òpìtàn òde òní, àwọn kan gbà pé inú Etiópíà gan-an ni àwùjọ náà ti di ohun tó dà, láàrin ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìkẹrìndínlógún, ní àkókò tí wọ́n ń bá àwọn ọba onígbàgbọ́ jagun. Òfin Ísírẹ́lì kò dúró de ìparí àríyànjiyàn náà. Ní 1973, Ovadia Yosef, tó jẹ́ Olórí Rábì àwọn Júù Sephardi nígbà náà, dájọ́ pé ìran Dánì ni wọ́n, ó sì gbé ìdájọ́ rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí àwọn rábì ti sọ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó di 1975, ìjọba gbà pé Òfin Ìpadàbọ̀ ti 1950, tó fún Júù níbi gbogbo láyé lẹ́tọ̀ọ́ láti wá di ọmọ orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, kàn wọ́n pẹ̀lú.

Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí ìjọba ṣí kò ṣí tán lọ́wọ́ àwọn rábì. Orit ni Beta Israel mọ̀. Talmud, ìyẹn àkójọ ẹ̀kọ́ àwọn rábì, àti àwọn òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀nà ti pín kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà ni ọ́fíìsì àwọn Olórí Rábì ṣe ní kí wọ́n ṣe ìwẹ̀ àwọn tó ń wọ ẹ̀sìn Júù, tí wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ ní kí àwọn ọkùnrin tó ti kọlà tún ta ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọlà fún ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i, tó sì ti fi ẹsẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, kò rí ìdí tí wọn yóò fi ní kó wá gba ẹ̀sìn náà bí ẹni tuntun. Ní 1985, wọ́n kóra jọ síwájú ọ́fíìsì náà ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan. Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní 2018, ìròyìn fi hàn pé ilé iṣẹ́ wáìnì kan kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó wá láti Etiópíà fọwọ́ kan wáìnì, nítorí àwọn tó ń fún un ní ìwé ẹ̀rí kosher, ìyẹn pé ohun jíjẹ mímu bá òfin ẹ̀sìn Júù mu, ń ṣiyèméjì bóyá Júù ni wọ́n. Ó di 2020 kó tó hàn sí gbangba pé Ìgbìmọ̀ àwọn Olórí Rábì ti fọwọ́ sí ìdájọ́ Ovadia Yosef gẹ́gẹ́ bí ìlànà tirẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Báwo ni wọ́n ṣe dé Ísírẹ́lì?

Apá yìí ni fíìmù àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń dá lé jù lọ. Lẹ́yìn tí àwọn ológun lé Ọba Haile Selassie kúrò lórí oyè ní 1974, ogun abẹ́lé, ọ̀dá àti ìyàn gba àríwá Etiópíà, ìjọba Mengistu Haile Mariam kò sì jẹ́ kí àwọn èèyàn fi ìlú sílẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ní 1977, Menachem Begin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, ní kí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Mossad wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kó Beta Israel wá. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà Súdàn sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ Mossad. Olùkọ́ kan láti Tigray, Ferede Aklum, tí àwọn ọlọ́pàá Etiópíà ń wá, sá wọ Súdàn, ó sì ń kọ lẹ́tà láti ibẹ̀ sí àwọn àjọ tó lè ràn án lọ́wọ́. Lẹ́tà rẹ̀ ló mú kí ọmọ Mossad kan, Dani Limor, wá a kàn ní Khartoum. Àwọn méjèèjì ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ náà pọ̀, Ferede sì ń ránṣẹ́ sílé pé ọ̀nà Jerúsálẹ́mù ti gba Súdàn.

Bí ìròyìn náà ṣe dé abúlé, àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó jáde lóru. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń fi rìn, àwọn olè ń dá wọn lọ́nà, omi ń tán, àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́ ń kú. Nígbà tí wọ́n dé àgọ́ àwọn ogúnléndé ní Súdàn, irú bí Um Raquba, wọ́n ní láti fi ẹ̀sìn wọn pa mọ́, nítorí orílẹ̀-èdè tí kò bá Ísírẹ́lì rẹ́ ni wọ́n wà. Àìsàn àti ebi pa púpọ̀ sí i níbẹ̀. Iye tí wọ́n sábà máa ń dá pé ó kú lójú ọ̀nà àti nínú àgọ́ tó 4,000, àwọn náà sì ni ibi ìrántí tí wọ́n ṣí ní Òkè Herzl ní Jerúsálẹ́mù ní 2007 wà fún.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn tó kù lé ju ọ̀kan lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn ọmọ Mossad gba ibi ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ti pa tì ní Arous, létí Òkun Pupa ní Súdàn, wọ́n ṣe é bí òtẹ́ẹ̀lì àwọn òmùwẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ láti Yúróòpù sì wá gbé ibẹ̀ láìmọ̀ pé lóru, àwọn tó ń tọ́jú wọn ń fi ọkọ̀ kó ogúnléndé lọ sí etíkun, níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Ísírẹ́lì ti ń dúró. Lẹ́yìn náà ni Iṣẹ́ Mósè dé: láti ọjọ́ 21 oṣù Bélú 1984 títí di ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹẹrẹ 1985, bàálù ilé iṣẹ́ kan láti Bẹ́ljíọ̀mù kó àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000 láti Khartoum gba Brussels lọ sí Ísírẹ́lì. Ìròyìn rẹ̀ jáde, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá fẹjú mọ́ Súdàn, iṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró lójijì, ó fi ọ̀pọ̀ òbí sí apá kan òkun, ó fi ọmọ sí apá kejì.

Èyí tí àwòrán rẹ̀ pọ̀ jù ni Iṣẹ́ Sólómọ́nì. Mengistu ti sá kúrò ní Addis Ababa ní ọjọ́ 21 oṣù Èbìbí 1991, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ń sún mọ́ ìlú, Ísírẹ́lì sì san 35 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn tó ń fi ìjọba sílẹ̀ lọ kí wọ́n lè jẹ́ kí bàálù balẹ̀. Láàrin wákàtí 36, ní ọjọ́ 24 àti 25 oṣù náà, wọ́n kó àwọn èèyàn tó lé ní 14,000. Ọ̀kan nínú àwọn bàálù náà, Boeing 747 tí wọ́n ti tú ìjókòó inú rẹ̀, gbé ju 1,000 èèyàn lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí kò sí bàálù tó ṣe irú rẹ̀ rí. Nínú àwọn fọ́tò ọjọ́ náà, ẹ óò rí àwọn ìyá tí wọ́n wé funfun, tí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ iwájú orí àwọn àti ọmọ wọn kí ẹbí má bàa pínyà. Àwọn tó gbé àwòrán náà sáyé ń pè é ní ẹ̀rí ìtọ́jú. Lára àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti dàgbà báyìí, ni ẹ ti ń gbọ́ ẹni tó ń béèrè ìdí tí orúkọ kò fi sí lábẹ́ àwòrán.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbi àwọn ètò náà?

Sigd ni òpó tó gbé wọn dúró. Àádọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn Yom Kippur, Ọjọ́ Ètùtù àwọn Júù, ni ó ń bọ́ sí. Ní Etiópíà, orí òkè ni wọ́n ń gùn láti gbààwẹ̀, láti ka Òfin, kí wọ́n sì gbàdúrà pé kí àwọn padà sí Jerúsálẹ́mù. Ní Jerúsálẹ́mù báyìí, etí òkè Armon Hanatziv, tó kọjú sí ìlú àtijọ́, ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń kóra jọ sí. Àwọn Kes á wọ aṣọ funfun, wọ́n á dúró lábẹ́ agboòrùn aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi wajawaja sí létí, wọ́n á ka Orit ní Ge'ez, wọ́n á sì túmọ̀ rẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á fi búrẹ́dì dabo ṣínu. Knesset, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, sọ ọ́ di àjọ̀dún orílẹ̀-èdè ní 2008, láti ìgbà náà ni owó ìjọba àti ti ilé ẹ̀kọ́ ti ń wọ inú àwọn ètò tó yí i ká.

Yàtọ̀ sí Sigd, àjọ̀dún Hullegeb wà ní Jerúsálẹ́mù fún orin, ijó àti eré orí ìtàgé, àwọn Beta Israel tó ti ṣí lọ sí New York náà sì ní àjọ̀dún fíìmù Sheba, tí ẹgbẹ́ BINA, tí Beejhy Barhany dá sílẹ̀, ń ṣètò. Iṣẹ́ tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ inú wọn ń ṣe kì í ṣe fún àlejò nìkan. Ọ̀pọ̀ àgbà tó rin ìrìn Súdàn náà ń gbọ́ Amharic ju Hébérù lọ, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì ń gbọ́ Hébérù nìkan. Ìgbà tí fíìmù bá parí tí ẹnìkan sì ń ṣe ògbufọ̀ ni ọmọ mìíràn ń gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun kú sí Um Raquba.

Fíìmù wo ló dá ìjà sílẹ̀?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Agẹmọ 2019, Netflix gbé The Red Sea Diving Resort jáde, fíìmù tí Gideon Raff darí lórí iṣẹ́ Arous. Chris Evans, òṣèré Amẹ́ríkà, ló ṣe olórí àwọn ọmọ Mossad. Michael K. Williams ló ṣe Kabede, ẹni tí wọ́n fi Ferede Aklum ṣe àwòṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n igun ìtàn ni wọ́n fi í sí.

Àwọn tó bínú sí fíìmù náà kò sọ pé irọ́ ni òtẹ́ẹ̀lì náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó fi àwọn tó rin ìrìn àjò náà hàn bí ẹrù tí wọ́n ń gbé, pé aláwọ̀ funfun nìkan ló ń ronú nínú rẹ̀, tó ń bẹ̀rù, tó sì ń pinnu. Wọ́n ń tọ́ka sí Ferede, àti sí àwọn ọ̀dọ́ Beta Israel tí wọ́n ń pè ní Komite, tí wọ́n ń mọ ẹni wọn nínú àgọ́, tí wọ́n ń pín owó fún wọn, tí wọ́n sì ń mú wọn dé ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró dè wọ́n lóru. Láìsí wọn, ọmọ Mossad kì bá tí mọ ẹni tó ń wá láàrin ogúnléndé tí gbogbo wọn jọ ń sọ èdè kan náà.

Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní èsì. Wọ́n ní kí fíìmù náà tó jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn lágbàáyé kò tíì gbọ́ nípa Beta Israel rí, pé fíìmù olówó ńlá kì í tà tí kò bá sí òṣèré tí ayé mọ̀ nínú rẹ̀, àti pé àwọn ọmọ Mossad náà fi ẹ̀mí wọn wewu. Wọ́n tún ní àṣírí iṣẹ́ ló fà á tí a kò fi gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ Etiópíà fún ìgbà pípẹ́, kì í ṣe ẹ̀tanú. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dé ìwọ̀n kan, nítorí ẹni tí ẹbí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Mengistu kò lè jẹ́ kí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Àmọ́ Mengistu ti lọ láti 1991.

Ẹgbẹ́ kẹta wà tí kò fẹ́ bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Àwọn tó ti ń ṣe fíìmù fúnra wọn nìyẹn. Aäläm-Wärqe Davidian, tí wọ́n bí ní Etiópíà, gbé fíìmù tirẹ̀ jáde ní 2018, lórí ọmọbìnrin Júù kan ní Addis Ababa ní apá ìparí ogun abẹ́lé, tó ń múra àtilọ sí Ísírẹ́lì, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ fi ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tó jẹ́ onígbàgbọ́ sílẹ̀ kí wọ́n má bàa fipá mú un wọ iṣẹ́ ogun. Kò sí ọmọ Mossad kankan tó ń gba ẹnikẹ́ni là níbẹ̀. Ó gba àmì ẹ̀yẹ ní àjọ̀dún fíìmù Toronto ní ọdún náà.

Kí ló so fíìmù mọ́ ìwọ́de?

Àkókò tí fíìmù Netflix náà bọ́ sí ló mú ọ̀rọ̀ náà gbóná. Oṣù kan péré ṣáájú, ní ọjọ́ 30 oṣù Òkudù 2019, ọlọ́pàá kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ yìnbọn pa Solomon Tekah, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ní Kiryat Haim, àdúgbò kan ní Haifa. Àwọn ọ̀dọ́ Beta Israel dí ojú títì káàkiri orílẹ̀-èdè náà fún ọjọ́ mélòó kan. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìyẹn, fídíò tó fi hàn bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń lu Damas Pakada, sójà Ísírẹ́lì tó wọ aṣọ iṣẹ́, ní Holon, ti dá irú ìwọ́de bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Emi Palmor, ọ̀gá àgbà ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́, ìgbìmọ̀ náà sì gbà ní 2016 pé ẹ̀tanú wà nínú bí àwọn àjọ ìjọba ṣe ń bá wọn lò.

Èyí tó kọ́kọ́ já wọn kulẹ̀ jù lọ ti 1996 ni. Ìwé ìròyìn kan tú u fó pé Magen David Adom, àjọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ aráàlú, ń da ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ọmọ Etiópíà fi sílẹ̀ nù ní ìkọ̀kọ̀, nítorí ìbẹ̀rù kòkòrò HIV, láìsọ fún wọn. Àwọn aláṣẹ ìlera ní ìṣirò ewu ni àwọn tẹ̀lé, àti pé bí àwọn bá sọ ọ́ síta, yóò kó ìtìjú bá gbogbo àwùjọ náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wọ́de lọ sí ọ́fíìsì olórí ìjọba. Fún wọn, fífi ojú rere gbà wọ́n, kí wọ́n sì wá da ẹ̀jẹ̀ wọn sí àkìtàn, kò lè jẹ́ ìṣirò.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè nípa ẹni tó ṣe iṣẹ́ kíkó wọn wá fi ṣe pàtàkì. Ẹni tí wọ́n bá ní wọ́n gbà là, ọpẹ́ ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀, bó bá sì wọ́de, wọ́n á pè é ní abaramóorejẹ. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìrìn náà, tó sin òkú rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ̀tọ́ ló ń béèrè. Àwọn tó wà ní ìhà ìjọba ń dáhùn pé ohun méjèèjì lè jẹ́ òtítọ́, pé owó tó pọ̀ ti lọ sórí ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, àti pé Pnina Tamano-Shata, tó dé nínú Iṣẹ́ Mósè ní ọmọ ọdún mẹ́ta, di mínísítà ní 2020.

Àwọn wo ló ṣì ń dúró ní Gondar?

Nínú àwọn tó lé ní 160,000 tí wọ́n ń pè ní ará Etiópíà ní Ísírẹ́lì lónìí, ọ̀pọ̀ ni ẹbí wọn ṣì wà nílé. Àwọn tó ń dúró ni wọ́n ń pè ní Falash Mura, ìran àwọn Beta Israel tí àwọn baba wọn wọ ẹ̀sìn onígbàgbọ́, tí àwọn kan lára wọn gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn míṣọ́nnárì láti Lọ́ńdọ̀nù tó dé agbègbè náà ní ọdún 1860, tí àwọn mìíràn sì yí padà nítorí ìnilára àti àìrí ilẹ̀. Òfin Ìpadàbọ̀ kò kàn wọ́n, nítorí òfin náà yọ ẹni tó yí ẹ̀sìn padà sílẹ̀. Òfin Ìwọ̀lú ni wọ́n fi ń gbà wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe ètò wíwọ ẹ̀sìn Júù bí wọ́n bá dé.

Ìjọba ti kéde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ètò náà ti parí. Ó kéde rẹ̀ ní 2013, ó tún un ṣí ní 2015, ó fọwọ́ sí 2,000 èèyàn ní 2020 àti 3,000 sí i ní 2021, lábẹ́ ogun tó bẹ́ ní Tigray. Nígbà tí ìjà dé Gondar fúnra rẹ̀ ní oṣù Ògún 2023, Ísírẹ́lì fi bàálù kó àwọn tó lé ní 200 kúrò níbẹ̀ àti ní Bahir Dar lọ sí Addis Ababa.

Àwọn tó ń jà fún wọn ní ẹbí ni wọ́n, pé ẹni tó ní ìyá ní Ísírẹ́lì kò yẹ kó máa kú sínú àgọ́ nítorí ìwé, wọ́n sì ń béèrè ìdí tí àwọn tó wá láti Rọ́ṣíà, tí bàbá àgbà wọn nìkan jẹ́ Júù, fi ń wọlé láìsí ìdíwọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lòdì sí i ní àwọn tó wá ń forúkọ sílẹ̀ báyìí kò ní ìran Júù tó ṣeé fìdí rẹ̀ múlẹ̀, pé òṣì àti ogun ló ń lé wọn. Kì í ṣe aláwọ̀ funfun nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lára Beta Israel, tí wọ́n ti gbé ẹ̀sìn wọn ru láìyí padà, kò gbà pé ọ̀nà kan náà ni àwọn àti ọmọ ẹni tó yí i padà ń tọ̀. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ń yẹ àwọn ìwé ìdílé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, iye ẹni tó kù gan-an sì wà lára ohun tí àwọn ìhà méjèèjì ń bá ara wọn jiyàn lé lórí.